Ìkànnì Tí Kì Í Sọ̀rọ̀

Gbogbo ilé ló gbà pé oorun ni Màmá máa ń sùn níwájú tẹlifíṣọ̀n. Wọn ò kúkú parọ́, torí obìnrin náà ń sùn níbẹ̀ lóòótọ́. Bí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, tí ọmọ rẹ̀ ti padà sí ìsọ̀ tó ti ń gé gíláàsì, tí ìyàwó ọmọ náà sì ti jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní yàrá iwájú, Màmá á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àpótí, á mú rìmóòtù dání, ojú rẹ̀ á wá máa dì díẹ̀, á máa ṣí díẹ̀. Ẹni tó bá yọjú á rí arúgbó tí oorun ti gbé lọ. Wọn ò mọ̀ pé kò sí ìgbà tí obìnrin yìí ń ríran tó ìgbà tí ojú rẹ̀ bá wà ní ìdajì báyẹn.

Iṣẹ́ tó ṣe láyé ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, láyé ìgbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń so ohùn ẹnì kan pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì. Á jókòó síwájú pátákó gíga kan tó kún fún ihò, á ti ẹnu wáyà bọ ihò yìí, á ti ìdí rẹ̀ bọ ihò tọ̀hún, á ní, "Ẹ dúró sórí ìlà, mo ń so yín pọ̀." Olóhùn Tútù ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Kì í ka orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àwọn ihò náà. Ó mọ ti dókítà torí pé ó wà lókè ti oníṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì, ó sì mọ ti oníṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì torí pé ẹ̀gbẹ́ ti ilé ìwé ló wà. Bí èèyàn ṣe ń mọ ilé ní àdúgbò ló ṣe mọ̀ wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe mọ ìkànnì. Àwọn ìkànnì tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n dì pọ̀ fún wọn lóṣooṣù pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó wò wọ́n tán rí. Màmá á kàn máa tẹ rìmóòtù lọ sókè ni. Á kọjá lọ́dọ̀ oníwàásù tó máa ń làágùn, á kọjá lọ́dọ̀ obìnrin tó ń polówó ìkòkò tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ nídìí, á kọjá ní kóòtù tí tọkọtaya ti ń du ajá mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ilé tó tẹ̀ lé kóòtù yẹn ni tirẹ̀.

Ìkànnì náà kì í sọ̀rọ̀. Kò lórin, kò sì sí nǹkan tí wọ́n kọ síbẹ̀ tí Màmá lè kà. Èbúté kékeré kan ni, ní ìlú kan tó jìn, ó sì jọ pé ẹni tó gbé ẹ̀rọ àwòrán kalẹ̀ síbẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ tipẹ́. Ojú ọ̀run wà níbẹ̀, àti òkúta tó tutù, àti bẹ́ńṣì kan tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé. Tó bá di ọ̀sán, ọkọ̀ funfun kan á yọ láti inú kùrukùru, á máa tóbi díẹ̀díẹ̀, á sì gúnlẹ̀. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ á ṣí wálẹ̀, àwọn èrò á máa sọ̀. Màmá á wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó kẹ́yìn bá ti sọ̀ tán, á wá pa ojú rẹ̀ dé pátápátá, ìgbà yẹn ni oorun gidi máa ń gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ẹni tó ń wò, kí ẹ má bàa máa rò ó kiri. Ọkọ rẹ̀ ni. Inú ọkọ̀ ojú omi ni ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, òun ló máa ń fa okùn mọ́ òpó bí ọkọ̀ bá ti dé èbúté. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní ó dàbọ̀. Ọkọ̀ padà wá lálẹ́, òun ò bá a wá. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ó sọ̀ ní òdì kejì, ó sì rìn lọ. Kò sí òkú tí wọ́n lè sin, kò sì sí obìnrin tó wá sọ pé ọ̀dọ̀ òun ló wà. Olóhùn Tútù tó ń so gbogbo ayé pọ̀ ò rí ihò tó máa ti wáyà tirẹ̀ bọ̀. Wọ́n ní kó fẹ́ ọkọ míì, ó kọ̀. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé bàbá rẹ̀ wà lójú omi, ọmọ náà béèrè béèrè, nígbà tó yá kò béèrè mọ́. Àtìgbà yẹn, àwọn méjèèjì ò mẹ́nu bà á fún ara wọn rí.

Màmá mọ̀ dájú pé èbúté inú tẹlifíṣọ̀n yẹn kì í ṣe èyí tí ọkọ òun sọ̀ sí. Orí rẹ̀ pé. Ó kàn dùn mọ́ ọn pé ó ní ibì kan tó ti lè máa retí èèyàn láìsí ẹni tó ń ṣàánú rẹ̀.

Bọ́rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fi gbé ètò tuntun dé. Wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ àdìpọ̀ mọ́ lè mú ìkànnì tó ń wò ní ẹyọ ẹyọ, kó sì sanwó èyí tó mú. Inú ọmọ Màmá dùn gan-an. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń bọ́ oníwàásù àti oníkòkò tí kò mọ òun rí. Ó pe gbogbo ilé jọ sí pálọ̀, ó ní ìkànnì mẹ́rin ni agbára òun ká. Bọ́ọ̀lù jẹ́ tirẹ̀, fíìmù jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀, eré ọmọdé jẹ́ ti ọmọbìnrin wọn, ìròyìn sì jẹ́ ti gbogbo ilé, kí àlejò má bàa rò pé wọn ò mọ ohun tó ń lọ láyé.

Ìyàwó rẹ̀ béèrè pé ti Màmá ńkọ́. Ọkùnrin náà wo ìyá rẹ̀ níbi tó jókòó sí pẹ̀lú ojú tó ṣí ní ìdajì, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá kì í wo nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sun oorun wọn."

Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Màmá gbọ́ ọ, kò sì dá sí i, torí ó rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ìkànnì tí wọ́n ń mú wọlé ni wọ́n ń sọ. Kò mọ̀ pé èyí tí wọn ò bá mú ti ń lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ rìmóòtù lọ sókè bó ṣe máa ń ṣe. Ibi tí oníwàásù wà ti ṣókùnkùn. Oníkòkò náà ti kó lọ. Kóòtù ti tì. Gbogbo àdúgbò pa lọ́lọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo wọn, pé ẹ ò sanwó èyí. Màmá tẹ̀ ẹ́ lọ, ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀, kò wá mọ ilé tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́.

Lálẹ́, ó sọ fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà béèrè orúkọ ìkànnì ọ̀hún, kò mọ̀ ọ́n. Ó béèrè nọ́ńbà, kò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, Màmá ní wọn ò ṣe nǹkan kan, ọkọ̀ kàn ń gúnlẹ̀ ni. Ó pe ìyàwó rẹ̀, ìyẹn náà ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí látìgbà tí òun ti ń ránṣọ lẹ́yìn ògiri. Báwo ló ṣe fẹ́ gbọ́ ọ? Ọkùnrin náà wá fọwọ́ lé ìyá rẹ̀ léjìká, ó sì rọra sọ pé àlá ni wọ́n lá, pé kò sí ẹni tó máa náwó lé tẹlifíṣọ̀n tí kì í sọ̀rọ̀.

Màmá ń rò ó láwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Á jókòó síwájú dígí dúdú náà, á máa wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Tó bá dijú, kùrukùru á wá, ọkọ̀ funfun á yọ nínú rẹ̀. Nígbà míì, pátákó oníhò tó ti fi ṣiṣẹ́ rí á léfòó lójú omi, wáyà á máa jáde lára rẹ̀ bí okùn ọkọ̀, òun á sì máa fà á. Ọkọ̀ náà á gúnlẹ̀. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣí. Á dúró tì í nínú oorun rẹ̀ títí tí ẹ̀rọ ìránṣọ á fi jí i, ẹnikẹ́ni ò ní í sọ̀.

Ẹ̀rù wá ń bà á. Kò lè jẹun dáadáa mọ́. Bó bá jẹ́ pé àlá ni èbúté yẹn lóòótọ́, kí ló fẹ́ fi dá ara rẹ̀ lójú pé ọkọ òun kì í ṣe àlá? Kò ní àwòrán ọkùnrin náà kankan. Bó ṣe ń rìn nìkan ló kù lójú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mú fóònù, ó tẹ nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara dikóódà. Ẹ̀rọ ló gbé e, ó ní bó bá jẹ́ tìbí ni kó tẹ ìbí, bó bá jẹ́ tọ̀hún ni kó tẹ ọ̀hún. Màmá rẹ́rìn-ín, torí láyé tirẹ̀, òun ni ẹ̀rọ yẹn. Ó dúró ti orin tí wọ́n ń kọ sí i létí títí ohùn ọmọbìnrin kan fi wọlé, tó rẹ̀ débi pé ó ń kí èèyàn bí ẹni ń ka àkọ́sórí. Màmá kí i kú iṣẹ́. Ó ní kó kọ́kọ́ mu omi ná, pé ọ̀fun òun náà máa ń gbẹ nírú àsìkò yìí nígbà tí òun wà nídìí iṣẹ́ kan náà. Màmá gbọ́ nígbà tí ọmọbìnrin náà gbé omi mì.

Ó wá béèrè pé kí lorúkọ ìkànnì tí Màmá ń wá.

"Mi ò mọ orúkọ ẹ̀, ọmọ mi. Àdúgbò ẹ̀ ni mo mọ̀."

Ọmọbìnrin náà ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní gbogbo ìkànnì ló ń ṣí lójú kọ̀ǹpútà òun, kí Màmá máa júwe. Màmá ní kó wá oníwàásù tó ń làágùn, ó rí i. Ó ní kó kọjá lọ́dọ̀ oníkòkò, ó kọjá. Nígbà tó dé kóòtù, Màmá béèrè bóyá ọ̀rọ̀ ajá yẹn ti parí, ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní àga ni wọ́n ń jà sí lónìí. Màmá ní ilé tó kàn ni.

"Ẹ dúró sórí ìlà, Màmá."

Ara Màmá rọ̀ wọ̀ọ̀. Òun ló ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún òun rí.

"Màmá, mo rí omi. Mo rí bẹ́ńṣì kan. Ọkọ̀ funfun kan ló ń gúnlẹ̀ yìí."

Omi lé sí Màmá lójú. Kì í ṣe àlá. Ó ní kí ọmọbìnrin náà jọ̀ọ́, bí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ bá ti ṣí, kó máa sọ àwọn tó ń sọ̀ fún òun. Ìyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: obìnrin tó ní agboòrùn, ọmọ iléèwé méjì, bàbá kan tó ń ti kẹ̀kẹ́. Màmá ń dáhùn pé ó dáa, ta ló tẹ̀ lé e. Kò mọ̀ pé ọmọ òun ti wọlé. Rúlà tó fi ń wọn gíláàsì ni ọkùnrin náà gbàgbé tó wá mú, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ láìlè lọ síwájú.

"Ọkùnrin tó gbé báàgì yẹn," Màmá ń wí sínú fóònù, "wò ó dáadáa fún mi. Ṣé èjìká ẹ̀ kan ga ju èkejì lọ, bíi ti ẹni tó ti fa okùn pẹ́?"

"Ti òsì ló ga," ọmọ rẹ̀ sọ látẹ̀yìn. "Mo máa ń yọ̀ wá sápá ọ̀tún tí wọ́n bá gbé mi kọ́rùn."

Màmá yíjú padà. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, fóònù sì wà láàrin wọn. Nínú fóònù, ọmọbìnrin náà rọra sọ pé rárá, Màmá, èjìká ẹni yìí dọ́gba, wọ́n sì ti sọ̀ tán. Màmá ní kò burú. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. O so mí pọ̀." Ọmọ rẹ̀ wá gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ orúkọ ara rẹ̀ fún wọn, ó ní kí wọ́n yọ ọ̀kan nínú mẹ́rin náà, kí wọ́n fi èyí sí i. Ó gbé fóònù bọ́ síta kó tó sọ èyí tí wọ́n máa yọ. Ìgbà tí Màmá rí i tó ń lọ wo bọ́ọ̀lù ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló tó mọ̀.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, ọkùnrin náà wọlé lọ́sàn-án láìgbàgbé nǹkan kan. Ó gbé àga kan láti ìdí tábìlì oúnjẹ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ̀, ó jókòó. Wọn ò sọ̀rọ̀, ìkànnì náà ò kúkú sọ̀rọ̀. Kùrukùru wà lójú omi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọkọ̀ yọ, ó ń tóbi bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gúnlẹ̀. Bí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣe ń ṣí wálẹ̀, ọkùnrin náà fa àga rẹ̀ sún mọ́ iwájú.

Màmá ò wo ọkọ̀ mọ́, ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Ẹnu ọkùnrin náà ṣí díẹ̀, ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé èrò kọ̀ọ̀kan láti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ńṣì, bó ṣe máa ń wo ọ̀nà nígbà tó ń pààrọ̀ eyín. Nígbà tí ẹni tó kẹ́yìn ti kọjá, ó ṣì ń wo òkúta tó tutù náà.

"Wọ́n ti tán?"

"Wọ́n ti tán."

"Ṣé wọ́n á tún dé lọ́la?"

Màmá ní wọ́n á dé. Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn eruku gíláàsì kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó padà sí ìsọ̀. Kò gbé àga náà padà sídìí tábìlì.