Iná Ló Wà Láàárín

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Omi-Tútù ti ń ṣiṣẹ́ panápaná, ọdún náà ló sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì nínú ìdánwò tí ì bá sọ ọ́ di olórí ikọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Omi-Tútù, nítorí kò sí iná tó lè mú un pariwo. Bí òrùlé ń wó lọ́tùn-ún, tí fèrèsé ń fọ́ lósì, ohùn tó fi ń béèrè iyọ̀ nídìí oúnjẹ náà ni yóò fi sọ pé, "Ẹ fa rọ́bà yẹn sẹ́yìn díẹ̀." Ṣùgbọ́n ẹ gbé bírò lé e lọ́wọ́, kí ẹ wá wo òógùn lójú rẹ̀.

Kì í ṣe pé kì í kàwé. Ìwé ìdánwò náà lé ní irinwó ojú ewé, ó sì ti kà á láti orí dé ìdí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì, títí tó fi di pé kò sí ohun tí kò ṣe pàtàkì mọ́. Bó bá ti dé orí kẹsàn-án, orí kejì á ti fò lọ. Àfi bí ẹni ń fi agbọ̀n pọn omi.

Ọ̀gá ibùdó wọn pè é sí ọ́fíìsì. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òfin gbà," ni ó wí. "Bí èyí bá tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ó parí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù."

Lọ́jọ́ tó wà ní ìsinmi, ó mú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ tó ya létí orúnkún, ó di ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n yìí, ó sì fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Kíláàsì kẹrin ni ó wà tí ìyá wọn fi dùbúlẹ̀ àìsàn, tí wọ́n ní kí ó jókòó sílé láti máa tọ́jú rẹ̀. Àìsàn ọ̀hún gba ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ara ìyá yá, ẹ̀gbọ́n ti di ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ, Omi-Tútù sì ń lọ sílé ìwé ní tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láàárín wọn rí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí mi."

Aránṣọ gbójú sókè lórí kọ́là aṣọ tó ń tú. "O káre. Èwo ló ya nínú ẹ̀yin méjèèjì, ìwọ àbí ṣòkòtò?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ tán kó tó béèrè pé, "Báwo lo ṣe ń ka ìwé ọ̀hún?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni. Ṣé ọ̀nà mìíràn tún wà ni?"

"Èmi kì í rán aṣọ láti ọrùn lọ sí ẹsẹ̀ o. Kí n tó gbé sísọ́ọ̀sì, mo ti fojú rí gbogbo rẹ̀. Ara rèé, apá rèé, ibi tí apá ti pàdé ara rèé. Bí mi ò bá rí ibi tí wọ́n ti pàdé, aṣọ ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ó fa bébà aláwọ̀ ilẹ̀ tó fi ń gé àpẹẹrẹ aṣọ, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ INÁ sí àárín gbùngbùn, ó yí i po. "Ó yá. Kí ni iná ń jẹ?"

"Ohun mẹ́ta ni. Ooru, ohun tó ń jó, àti atẹ́gùn. Nígbà tí ooru bá—"

"Dúró ná! Ọ̀rọ̀ kan péré lórí ẹ̀ka kan. Bó o bá ń sọ ìtàn fún mi, bébà á kún."

Aránṣọ ya ẹ̀ka mẹ́ta láti ara INÁ. Lára "ohun tó ń jó", ó tún ya ẹ̀ka wẹ́wẹ́: igi, epo, gáàsì. Ó ya àwòrán kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkòkò epo tó yà jọ bàtà, àbúrò rẹ̀ sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wákàtí kan kọjá. Ẹ̀ka ooru kún, ẹ̀ka ohun tó ń jó kún débi pé ó fẹ́ kúrò lórí bébà.

Aránṣọ fi ìka kan ẹ̀ka kẹta. "Kí ló dé tí ibí pá báyìí?"

Omi-Tútù wò ó. Atẹ́gùn nìkan ló dá dúró níbẹ̀, kò lẹ́wé, kò léso. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Apá kẹta ìdánwò, níbi tó ti ń ṣubú lẹ́ẹ̀mejèèjì, ọ̀rọ̀ atẹ́gùn àti èéfín ni. Ohun tó ti mọ̀ ló ń kà lákàtúnkà, ibi tí kò mọ̀ ló sì ń ṣí kọjá wéréwéré.

"Ilẹ̀kùn ńkọ́?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè. "Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn, ṣé kì í ṣe atẹ́gùn lẹ ń gbé wọlé fún iná?"

Omi-Tútù rántí ilé ìkẹ́rù kan, ní ọdún méjìlá sẹ́yìn. Ẹnì kan nínú ikọ̀ wọn fẹ́ já ilẹ̀kùn, òun sì di ọwọ́ rẹ̀ mú nítorí pé ọ̀dà ara ilẹ̀kùn náà ń hó. Ara rẹ̀ ló kàn kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, kò mọ ìdí. Ó wá yé e wàyí: iná tó ti jẹ gbogbo atẹ́gùn inú yàrá tán ń dúró ni. Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn fún un ló máa kọ́kọ́ gbé mì. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fúnra rẹ̀ fa ìlà láti ATẸ́GÙN lọ bá ILẸ̀KÙN.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló ń bá a níbẹ̀. Bébà mẹ́sàn-án ni wọ́n yà. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ò rí ògiri pálọ̀ òun mọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, yóò tún bébà kan yà láìwo ti àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò sì máa fi méjèèjì wéra bí ẹni ń wo apá aṣọ méjì. Kì í gbójú fo nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ ohùn. Aránṣọ ń ṣàlàyé fún oníbàárà kan ìdí tí a kì í fi í da omi sórí epo tó ń jó. Omi á rì sábẹ́ epo, á hó lójijì, á sì fọ́n epo tó ń jó káàkiri. Ó tò ó tẹ̀lé ara wọn kedere. Bébà kankan ò sí níwájú rẹ̀.

Nígbà tí oníbàárà lọ, Omi-Tútù ò lè jókòó. "Àǹtí mi, ẹ ti gba gbogbo rẹ̀ sórí."

"Ṣé òkúta lorí mi ni?"

"Ẹ̀yin ló yẹ kó dúró nílé ìwé."

Ẹsẹ̀ aránṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ẹnì kan ní láti jókòó ti ìyá wa. Mi ò kábàámọ̀ ìyẹn. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó bi mí léèrè." Ó nawọ́. "Mú bébà keje wá."

Lọ́jọ́ ìdánwò, Omi-Tútù ò kọ ọ̀rọ̀ kankan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ń ya ẹ̀ka sí ẹ̀yìn bébà rẹ̀. Obìnrin tó ń ṣọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ṣé àwòrán la ní kẹ́ ẹ yà ni?"

"Rárá, mà. Mò ń to ẹrù mi ni."

Òógùn bò ó, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. Ìbéèrè kan wà nípa irin tó ń jó tí kò mọ̀ rárá, ó sì fi í sílẹ̀. Èsì jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mẹ́rìnlá ló yege, òun ló ṣe ìkọkànlá.

Ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ tààrà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jó díẹ̀ láàárín àkísà aṣọ, ó sì bi í bóyá ìbéèrè irin yẹn ló já a sí ìkọkànlá. Nígbà tí ayọ̀ náà rọlẹ̀, Omi-Tútù ní, "Àǹtí mi, kíláàsì àwọn àgbàlagbà wà lẹ́bàá ibùdó wa, ní ìrọ̀lẹ́. Mi ò tí ì gba fọ́ọ̀mù o. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín. Ṣé ẹ fẹ́ lọ?"

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ká bébà tó wà lórí tábìlì, ó ká a tán, ó tún tú u. "Ọmọ ọdún mélòó làwọn tó wà níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Màá kọ́kọ́ lọ wò ó ná."

Ó lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó jókòó sí ìlà kejì. Nígbà tó padà dé, ẹjọ́ ló ń rò: àga wọn ti rẹlẹ̀ jù, olùkọ́ ń sáré sọ̀rọ̀, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ń jẹ ẹ̀pà. Lọ́jọ́bọ̀ tí kíláàsì tún wà, ó tètè ti ṣọ́ọ̀bù.