Òróró Lórí Láńróvà

Orogún ni Bernice ń pe Láńróvà àtijọ́ tó wà ní gáréèjì ẹ̀yìn ilé wọn ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ọkùnrin tó bá ń lo gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó kejì, kó kúkú máa sùn síbẹ̀. Adébánjí, ọkọ rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á tún wọ gáréèjì lọ. Ká má parọ́, ó fẹ́ràn ọkọ̀ náà kọjá ààlà.

Ìpẹtà ti jẹ iwájú rẹ̀ lábẹ́ gíláàsì débi pé ìka ń wọ inú irin lọ. Bánjí gé ibi tó jẹrà kúrò, ó jó irin tuntun mọ́ ọn, ó fi sáńpépà họ ọ́ títí ó fi ń dán. Ọ̀dà ló kù. Ó sì ti ṣèlérí fún Ẹwà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, pé ọkọ̀ yìí lòun máa fi gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Sátidé tó ń bọ̀ nìgbéyàwó ọ̀hún.

Ó kùn ún, ọ̀dà kò mú. Ńṣe ló ń sá sẹ́yìn, tó ń fi àmì roboto sílẹ̀ lára irin. Ó họ ọ́ dànù, ó tún un kùn lọ́jọ́ kejì, bákan náà ló rí.

"Daddy, ẹ má stress ara yín," Ẹwà sọ fún un. "A lè kàn book Uber."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà, àmọ́ ó dun Bánjí wọra. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí, ó rò pé bóyá ọwọ́ náà ti darúgbó.

Láàárọ̀ Thursday, ó tètè jí kó lè tún irin náà họ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ìyá rẹ̀, tó wá láti Abẹ́òkúta torí ìgbéyàwó, ló bá nínú gáréèjì. Màmá wọ kóòtù Bernice lé ìró, ìgò òróró àdúrà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi í pa iwájú ọkọ̀ lórí irin tuntun gan-an.

"Mummy, ṣé ẹ ti ń ṣe é tipẹ́?"

"Àràárọ̀ ni," ó ní, bí ẹni tó ń retí ọpẹ́.

"Òróró kì í jẹ́ kí ọ̀dà mú irin. Ẹ̀yin lẹ ti ń bà á jẹ́ fún mi."

Màmá rọra dé ìgò náà. "Láti ojú wíńdò kíṣíìnì ni mo ti máa ń rí ẹsẹ̀ rẹ lábẹ́ irin yìí. Ọkàn mi kì í balẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi mọ́tò ṣe, Bánjí? Ìwọ ni mò ń gbàdúrà fún."

Ìbínú Bánjí rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọkùnrin tó ń múra àtifọmọ fọ́kọ ni, síbẹ̀ ẹnì kan ṣì wà láyé tó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti ìkókó. Ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, ó ṣí fìlà.

"Tó bá jẹ́ èmi ni, Mummy, ibí ni kí ẹ dà á sí."

Màmá kò ṣahun. Òróró ṣàn gba etí Bánjí wọ kọ́là ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀. Ó pè é ní Àjàní, ó gbàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà ló mú àkísà kan nílẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ nu irin náà mọ́ tónítóní.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bánjí ti ibi iṣẹ́ dé, ó tún irin náà kùn, ọ̀dà sì mú. Bánjí kò tíì fọ orí rẹ̀.