Láàárín Ọ̀pá Méjì

"Bàbá, tiyín ló kù. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn," ni ọmọbìnrin ayàwòrán wí, ó sì na ìwé pupa pélébé kan sí káfíńtà. Ẹni tó bá fara mọ́ iṣẹ́ ló ń lẹ pupa.

Ọjọ́ kẹrin rèé tí àwọn méje ti jókòó yí tábìlì ká láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń jọ ronú kan bẹ́ẹ̀dì ọmọ tuntun tí ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ tà. Àwòrán ti bo ògiri. Òfin kan ṣoṣo ni olùdarí là sílẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé "rárá". Ó ní "rárá" ló ń pa èrò nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Ẹni tó bá sọ ọ́, ilé yá.

Káfíńtà ti ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni" títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o. Wọ́n ti ṣèlérí iṣẹ́ gidi fún un bí èyí bá yọrí, ọdún mẹ́ta ló sì ti ń wá irú rẹ̀.

Ó wo bẹ́ẹ̀dì tó kàn lánàá. Wọ́n ti yọ ọ̀pá mẹ́rin kúrò kó lè fúyẹ́. Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó ki ọwọ́ náà bọ àárín ọ̀pá méjì, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀rù bà á.

"Ó dáa, àbí?" ni olùdarí bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, màdáámú. Àmọ́ tá a bá dá àwọn ọ̀pá yẹn padà..."

"Ọmọ ìyá 'rárá' ni 'àmọ́' náà o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ayàwòrán fi ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ bá wa lẹ̀ ẹ́, bàbá. Àgbà kì í wà lọ́jà..."

"Kórí ọmọ tuntun wọ́," làwọn yòókù gbè é.

Ìwé pupa bọ́ lọ́wọ́ káfíńtà.

"Rárá," ló wí.

Olùdarí nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Mò ń lọ, màdáámú. Mo kan irú eléyìí fún ọmọ mi rí. Èmi náà fẹ́ kó fúyẹ́. Ara rẹ̀ gba àárín ọ̀pá kọjá. Orí ni ò kọjá. Èmi ni mo kọ́kọ́ jí. Mo tẹ́ ẹ padà kí ìyá rẹ̀ tó rí i. Dòní, ibà ló rò pé ó pa á."

Ó yọ pẹ́ńsù létí, ó sàmì síbi tí ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ padà sí, ó sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò.

Àjèjì mẹ́fà ti gbọ́ ọ báyìí. Ó gba ọ̀nà ilé lọ bá ìyàwó rẹ̀.