Òkìtì Tó Wà Láàárín Wa

Máṣíìnì ìránṣọ mi tó dákú ló so èmi àti Àjíǹde pọ̀. Mo gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú omi lójú. Ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun, ó gbójú sókè wò mí, ọkàn mi sì yọ́ bí òrí tó rí oòrùn.

"Kò tíì kú," ló wí. "Oorun ló ń sùn. Ìwọ náà, nu ojú ẹ."

Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ṣe ló ń ṣe. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Àjíǹde, torí kò sí fáànù, áyọ́ọ̀nù tàbí rédíò tó kú tí kò lè jí. Kì í ju òkú ẹ̀rọ nù. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló ń kó wọn jọ sí. Bí aláìsàn kan bá dé, á yọ ẹ̀yà ara lára òkú fún un. Ògiri ilé wa ni ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn fara tì, nítorí náà, bí mo bá ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, mo máa ń gbọ́ ọ tó ń súfèé láàárín àwọn òkú rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bi mí pé ṣé màá fẹ́ òun, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì. Mi ò jẹ́ kó fọ̀ ọ́ kí n tó dì í mú.

Àmọ́ ayé ti yí. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ àwọn ẹ̀rọ tuntun pa. Ẹ̀rọ tí bàbá ń lò tí ọmọ ń jogún ti di ohun tí kì í rí òjò ẹ̀ẹ̀kejì. Òkú ń wọlé, aláìsàn ò rí ìwòsàn, òkìtì ń ga, títí ó fi bá ògiri wa dọ́gba.

Àárín rírán aṣọ ìgbéyàwó tèmi gan-an ni mo wà nígbà tí máṣíìnì tuntun tí mo rà, èyí tó ń lo iná, dákú. Àjíǹde wá ìkejì rẹ̀ jáde nínú òkìtì: iléeṣẹ́ kan náà, àwọ̀ kan náà. Ó yọ mọ́tò rẹ̀, ó fi sínú tèmi. Ó bá a mu wẹ́kú. A di ara wa mú, a tanná sí i. Iná pupa ló yọ: ẹ̀rọ náà ní òun ò mọ mọ́tò yẹn rí.

"Ìbejì ẹ̀ ni kò mọ̀ yẹn?" mo ní.

Ó pe iléeṣẹ́. Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin dáhùn. "Ẹ má bínú sà, a kì í ṣe irú yẹn mọ́. Ẹ ra tuntun, ó rẹwà gan-an."

"Èyí tí mo ní náà rẹwà."

"Tuntun rẹwà jù ú lọ, sà."

Mo fọwọ́ rán ìyókù aṣọ náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ata màmá mi tó wà lẹ́bàá ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n léwé. Bí òjò bá ti rọ̀, omi tó ń dán bí epo mọ́tò á ṣàn láti ìdí òkìtì wọ inú ebè. Màmá fa igi ata kan tu, ó gbé e lé orí tábìlì Àjíǹde.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Má kí mi. Jí èyí dìde."

Àjíǹde gbé igi ata náà, ó yí gbòǹgbò rẹ̀ wò.

"O ń jí òkú, o ń pa alààyè. Kànga wa ló kù báyìí. Ṣé ó dìgbà tí mo bá ń tanná bíi gílóòbù?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ ojú màmá ò gbẹ̀rín.

"Kó wọn kúrò kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ mi ò ní wọlé ẹ."

Nígbà tó lọ tán, mo ní, "Pe àwọn tó ń ra irin àlòkù, kọ́rọ̀ ó tán."

"Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ń kó o lọ? Etí odò ìsàlẹ̀ ni. Wọ́n á dáná sun ún kí bàbà inú wáyà lè jáde. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ló kọjú sí iná yẹn."

Mo mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà. Ikọ́ kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sùn.

"Mo ṣèlérí fún un pé tèmi ò ní débẹ̀ láé," ló ní. "Ìdí tí mo fi ń kó wọn jọ nìyẹn."

A lọ bi ìjọba ìbílẹ̀ pé ta ló yẹ kó kó òkìtì náà. Wọ́n ní iléeṣẹ́ ló ni ín. A bi iléeṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó rà á ló ni ín.

"Jẹ́ ká sá lọ, olùfẹ́ mi," mo ní.

"Ká wá fi òkìtì sílẹ̀ fún kànga màmá ẹ?"

Mo gbé orí lé èjìká rẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Àjíǹde pe àwọn tó ń ra irin àlòkù, ọkọ̀ akẹ́rù wọn sì dé. Fúnra rẹ̀ ló ń gbé àwọn òkú ẹ̀rọ náà sínú ọkọ̀ níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń gbé ẹni tó ń sùn. Ó gbé máṣíìnì mi sí ẹ̀gbẹ́ ìbejì rẹ̀, ó sì tún un gbé kó má baà fì.

"Bọ̀dá, ẹ kánjú," awakọ̀ ní. "Pàǹtí ni, kì í ṣe ìyàwó."

Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, màmá yọjú, ó wo ilẹ̀ tó mọ́ fo, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ọkọ ọmọ mi, máa bọ̀ wá jẹun."

Àjíǹde kọ́kọ́ yọ fóònù rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti fèrèsé yín lónìí."

"Kí ló dé? Òjò ni?"

Àjíǹde na fóònù náà sí mi, mo kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ìyàwó mi," ẹ̀gbọ́n ní, "kí ló ń ṣe ọkọ ẹ? Ṣé o ń gbọ́ mi?"

Ọkọ̀ ti yà sọ́nà ìsàlẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ bí irin ṣe ń forí gbára wọn nínú rẹ̀.

"Mò ń gbọ́ yín mà," mo ní. "Ẹ ṣáà bá wa ti fèrèsé náà."