Ìbúra Ghalib Lórí Iná Ọkọ̀

Ní ìlú Ayn Lawz, ọkùnrin kì í kàn sọ pé òun ti yó kí wọ́n gbà á gbọ́. Ó ní láti fi ìyàwó rẹ̀ búra. Yóò ní kí ìyàwó òun di ẹni ìkọ̀sílẹ̀ bí òun bá tún jẹ òkèlè kan, ìgbà yẹn ni onílé yóò tó gbé àwo ìrẹsì kúrò níwájú rẹ̀. Wọ́n ń fi ìyàwó búra lórí tòmátì tó jẹrà, lórí òjò tí kò rọ̀, lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Bó bá ṣe pé gbogbo ìbúra wọn ló ń mú ni, obìnrin kan kò ní kù nílé ọkọ lórí òkè yẹn títí dé Ajlun. Àwọn obìnrin náà mọ̀, wọ́n ń fi etí kan gbọ́ ọ, wọ́n ń fi ìkejì dà á nù, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ìdí nìyí tí Ghalib kò fi rò ó lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó búra tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ghalib yìí, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Raid, ti wa ọkọ̀ akẹ́rù fún àwọn ọmọ ogun títí irun orí rẹ̀ fi funfun tí wọ́n sì ní kó máa lọ sinmi nílé. Ohun tó kù fún un láti fi yangàn láyé ni Mẹ̀sídíìsì àtijọ́ kan tó máa ń fọ̀ láràárọ̀ kó tó fọ ojú ara rẹ̀. Hiyam ìyàwó rẹ̀ ti ní ìwé ìwakọ̀ láti ìgbà omidan, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Ghalib ní ọwọ́ obìnrin máa ń ba jíà jẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tó ti kà á.

Shahir, ẹ̀gbọ́n Hiyam, ló dáná ọ̀rọ̀ náà. Ó jókòó lórí àga onígbàjámọ̀, ọṣẹ bo àgbọ̀n rẹ̀, ó ní òun pàdé Ghalib lójú ọ̀nà nírọ̀lẹ́ àná, díẹ̀ ló kù kí òun wọ kòtò.

"Àna mi," ó ní, "iná ọkọ̀ yín kan ń ka ìràwọ̀, èkejì ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ rewáyà ní Ajlun kí ẹ tó pa ẹnìkan."

Àwọn ọkùnrin tó ń mu tíì nínú ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ká Ghalib lára. Òun tó wa ọkọ̀ nínú òkùnkùn aṣálẹ̀ láìtan iná rárá, kí Shahir tó ń ta aṣọ fèrèsé wá máa kọ́ ọ ní ìwà iná. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, àwọn ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Kí Hiyam di ẹni ìkọ̀sílẹ̀," ó ní, "bí ọwọ́ mìíràn yàtọ̀ sí tèmi bá yí ìdè kan lára iná ọkọ̀ yẹn."

Abẹ onígbàjámọ̀ dúró sójú kan. Kí èèyàn fi ìyàwó búra kì í ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n kó fi í búra lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tòun ti orúkọ rẹ̀ gan-an, ìyẹn ti kọjá àwàdà. Shahir nu ọṣẹ kúrò ní ètè, ó ní òun gbọ́, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló sì gbọ́.

Kí Ghalib tó délé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Hiyam ń ki ẹ̀pà àti ata sínú èso ìgbá sísè tó fẹ́ rẹ sínú òróró, kò gbójú sókè. Ó bi í bóyá òótọ́ ni. Ghalib ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin lásán ni. Hiyam ní ó dára, kó yáa máa ṣọ́ ìdè rẹ̀ dáadáa, nítorí àpótí aṣọ òun kò wúwo.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le. Wàá gbé ọkọ̀ sún mọ́ ògiri títí imú rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, wàá lẹ téèpù mọ́ ògiri níbi tí àárín iná kọ̀ọ̀kan dé. Wàá wá fa ọkọ̀ sẹ́yìn tó bí gígùn ọkọ̀ méjì, wàá tan iná, wàá sì máa yí ìdè tó wà lẹ́yìn iná náà, èyí tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, títí orí ìmọ́lẹ̀ yóò fi wà nísàlẹ̀ téèpù díẹ̀. Táyà gbọ́dọ̀ le, kí ẹnìkan sì jókòó sí àyè awakọ̀. Ohun tó kù ni pé kí ilẹ̀ tẹ́jú bákan náà láti ẹsẹ̀ ògiri dé ibi tí ọkọ̀ dúró sí, ohun kan ṣoṣo yẹn ni Ayn Lawz kò ní. Ara òkè ni ìlú náà dì mọ́. Bí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ níbẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò jẹ ẹ́.

Àmọ́ àwọn baba ńlá wọn sọ òpópónà iwájú ilé Ghalib ní Pẹ̀tẹ́lẹ̀, torí pé arúgbó lè rìn ín láìdi orúnkún mú. Fún ọmọ Ayn Lawz, ibi tí èèyàn kò ti yọ̀ ṣubú ti tẹ́ tán. Ní tòótọ́, ẹsẹ̀ ògiri nìkan ló tẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti fà sẹ́yìn báyìí, gbogbo rẹ̀ á gun òkè díẹ̀, imú rẹ̀ á sì dorí kodò. Ìmọ́lẹ̀ á balẹ̀ jìnnà sí abẹ́ téèpù, ẹni tí kò bá fura á máa yí i sókè, á máa yí i sókè.

Ghalib kò fura. Ó lẹ téèpù rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ní kí Hiyam jókòó sí àyè awakọ̀ nítorí ìwọ̀n ara, Hiyam sì ní kó gbé àpò àlùbọ́sà síbẹ̀, ìyẹn kò ní ìwé ìgbéyàwó tó lè fàya. Àpò àlùbọ́sà ló jókòó. Àwọn aládùúgbò gbé àga jáde. Ẹnìkan ní kó yí i sọ́tùn-ún, ẹnìkan ní sósì, Bàbá Hani tó ń sin ẹyẹlé ní àfi kó kọ́kọ́ ka Bísímílà. Ghalib yí, ó yí, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ dé ibi tó fẹ́, ó dìde, ó na ẹ̀yìn, ó ní wọ́n ti rí i báyìí.

Ó wọ inú ọkọ̀ láti lọ dán an wò. Lèmọ́mù Mifleh ló ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ fún ìrun Mọ̀gàríbì. Bí ọkọ̀ ṣe yọ sójú títì, ìmọ́lẹ̀ bo ojú bàbá náà látòkè délẹ̀, ó gbé apá méjèèjì sókè, ó yà kúrò lọ́nà, ó sì fi orí sọ igi ọ̀pọ̀tọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e dìde, kókó iwájú orí rẹ̀ ti tóbi ju àmì ìforíkanlẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní òun rò pé àwọn málékà ti dé ni, wọ́n sì bá òun láìmúra.

Hiyam wo ọkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́. Ó ní ibẹ̀ kò tẹ́. Ghalib ní bàbá bàbá òun ló pè é ní Pẹ̀tẹ́lẹ̀. Hiyam ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni bàbá bàbá rẹ̀ gùn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò sì ní iná iwájú. Ó ní ilẹ̀ kan ló tẹ́ ní gbogbo ìlú yìí, ìyẹn inú ilé tí bàbá òun ti ń fún òróró ólífì, torí bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá yẹ̀ bí ìka kan, gbogbo òróró á ṣàn lọ sí kọ̀rọ̀. Ibẹ̀ wà ní títì pa títí ìgbà ìkórè. Àmọ́ Shahir ló ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, Ghalib sì fi àáké kọ́rí pé òun kò ní bẹ aláṣọ-fèrèsé fún kọ́kọ́rọ́.

Ó padà sí Pẹ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀. Ó tún lẹ téèpù, ó tún fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, ó tún yí ìdè. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, òun àti Hiyam ń bọ̀ láti ilé ìbánikẹ́dùn, ọkọ̀ akéwúrẹ́ kan yọ ní kọ́nà. Ìmọ́lẹ̀ gba ojú awakọ̀ náà, ó sáré já ọkọ̀ rẹ̀ wọ inú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Èèyàn kò fara pa, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ fọ́n káàkiri òkè, awakọ̀ náà sì dúró lójú títì tó ń bú ìyá Ghalib, tó ti kú tipẹ́, bí ẹni pé òun ló wa ọkọ̀.

Ẹ̀rù ba Ghalib lọ́jọ́ náà, kì í ṣe irọ́. Bó bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rewáyà, ìbúra rẹ̀ mú. Bí kò bá gbé e lọ, yóò pa èèyàn, ó sì lè jẹ́ Hiyam gan-an ni yóò pa. Ó ro ilé náà láìsí Hiyam, ó rí ara rẹ̀ tó ń wá ibi tí iyọ̀ wà. Ó fẹ́ràn obìnrin yẹn gidigidi, kò sì rántí ìgbà tó sọ fún un kẹ́yìn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó jókòó sẹ́yìn níbi tí Lèmọ́mù olórí wíwú kò ti ní rí i, ó tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kó bá òun tún iná náà ṣe.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, búrẹ́dì tán nílé. Ó wa ọkọ̀ jáde. Ọkọ̀ kan pàdé rẹ̀, kò fi iná ṣẹ́jú sí i. Òmíràn kọjá, awakọ̀ rẹ̀ juwọ́ sí i. Ìmọ́lẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ lójú títì, ó hàn gedegbe, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lọ, kò sì kan ojú ẹnikẹ́ni. Ghalib ní àṣé ìdè náà kàn fẹ́ ìsinmi díẹ̀ kó tó gbọ́ràn ni. Kó tó ra búrẹ́dì, ó ní àdúrà òun ló gbà. Nígbà tó rà á tán, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó gbé Shahir fúnra rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì yí gbogbo ìlú po pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní ohun tí ọwọ́ ológun bá ṣe, rewáyà kò lè ṣe é. Shahir gbà fún un. Ghalib délé tòun ti orin lẹ́nu.

Ó bá Hiyam ní ilé ìdáná, ó ń ge kùkúńbà. Ìbòrí wà lórí rẹ̀, ó so ó mọ́ ọrùn dáadáa, irun kan kò yọ síta. Ghalib wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ wò bóyá ẹnìkan tẹ̀ lé e wọlé.

"Ṣé a ní àlejò ni?" ó bi í.

"Ẹ̀yin ni," Hiyam ní.

Ó sọ ọ́ fún un jẹ́ẹ́, kò dáwọ́ kùkúńbà dúró. Nígbà tí gbogbo ọkùnrin wà ní ìrun Jímọ̀, òun gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyàwó Shahir, òun wa Mẹ̀sídíìsì wọ inú ilé òróró, òun ti ìlẹ̀kùn kí ibẹ̀ lè ṣókùnkùn, òun lẹ téèpù, òun sì yí ìdè méjèèjì. Jíà kò bàjẹ́. Àmọ́ ọwọ́ òun kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀, nítorí náà láti ọ̀sán ni òun ti di ẹni ìkọ̀sílẹ̀, obìnrin kì í sì í ṣí orí fún ọkùnrin àjèjì. Òun ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un ní yàrá Raid ọmọ wọn.

Ghalib jókòó lórí àpò àlùbọ́sà. Ó ní òun yóò lọ bá Lèmọ́mù, wọ́n lè ní kí òun bọ́ tálákà mẹ́wàá fi ṣe ìtánràn ìbúra kí ọ̀rọ̀ tán. Hiyam ní ó dára, kó bọ́ wọn, kó sì fúnra rẹ̀ dáná. Ghalib ní òfin ẹ̀sìn kúkú fún òun láṣẹ, gbólóhùn kan péré ni, òun dá a padà sílé, ó parí.

"Bàbá Raid, kì í ṣe níbí," Hiyam ní. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀ wàyí, omi sì wà lójú rẹ̀. "Ọdún mélòó ni ẹ ti ń fi mí búra lórí tòmátì, tí mo ń fi í ṣẹ̀rín. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ dárúkọ mi lójú ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni dárúkọ ewúrẹ́. Níbi tí ẹ ti fẹnu tú mi ni kí ẹ ti fẹnu so mí padà. Kí ẹ sì sọ ọwọ́ tó yí ìdè."

Ghalib sùn sí yàrá Raid. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó rò ó pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀, Hiyam kì í ṣe olófòófó, òun lè dákẹ́ kí ìyangàn òun sì dúró bó ṣe wà. Ó wọ ilé ìdáná láti mu tíì. Hiyam gbé ife fún un, ó sì ń wo ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé tíì fún ará ọ̀nà jíjìn. Ghalib kò lè mu ún. Ó fi bàtà sẹ́sẹ̀, ó lọ.

Ṣọ́ọ̀bù kún. Shahir wà níbẹ̀, ọṣẹ wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Ghalib kò jókòó.

"Ọwọ́ Hiyam ló yí ìdè iná ọkọ̀ mi, kì í ṣe tèmi," ó ní. "Ìbúra mi mú. Mo sì dá ìyàwó mi padà níṣojú yín, ẹ ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ̀yin àna mi, ẹ má bínú sí mi."

Ẹ̀rín bẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Shahir rẹ́rìn-ín títí ọṣẹ fi wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Bàbá Hani ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ti fi ìyàwó rẹ̀ búra lọ́dún tó kọjá pé ẹsẹ̀ obìnrin náà kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹyẹlé òun, ó sì wá rántí pé nígbà tí òun dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, ẹnìkan ló ń bọ́ àwọn ẹyẹlé náà. Ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rántí ìbúra tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n. Ẹni méjì dìde pẹ̀lú irùngbọ̀n àfátì, wọ́n ní àwọn gbàgbé nǹkan sílé. Kò pẹ́ tó fi ku Shahir àti onígbàjámọ̀ nìkan, onígbàjámọ̀ náà sì ń fi abẹ lu àtẹ́lẹwọ́, ó ń ronú.

Hiyam dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Ghalib dé. Ó bi í pé kí ló sọ. Ghalib sọ ọ́ fún un bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kò yọ nǹkan kan kúrò. Hiyam bi í bóyá wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an.

Hiyam tú ìbòrí náà. Irun rẹ̀ wálẹ̀ sí èjìká, ó ti funfun láwọn ibi kan tí Ghalib kò kíyè sí rí. Kò ká ìbòrí náà sínú àpótí níbi tí àwọn ìyókù wà. Ó fi í kọ́ sí ìṣó ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ilé ìdáná, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tètè tó o.