Tàtàṣé Tí Sherifat Gbé Lọ sí Oǹdó

Ẹni tó bá rí tàtàṣé tí Sherifat gbé wọ Oǹdó lọ́jọ́ Àjíǹde ọdún yẹn, á ní kò sí ohun tó níwà tútù tó o láyé. Ó pupa, ó sanra, ó ń dán. Ó jókòó jẹ́jẹ́ nínú agbọ̀n bí ọmọ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún. Irọ́ ni! Irọ́ gbuu ni!

Ṣùgbọ́n Sherifat ò mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbìn ín sẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀ ní Isikan, l'Ákùúrẹ́, nínú ike ọ̀dà àti àpò sìmẹ́ǹtì. Inú ọ̀gbẹlẹ̀ ló gbìn ín, nígbà tí oòrùn ń yan èèyàn bí ẹni yan àgbàdo. Omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì ló ń bù sí i nídìí. Lọ́sàn-án, á fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó. Láàárọ̀, á bẹ̀rẹ̀, á kí i: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ jí ire?" Àwọn ará ilé ti gbà pé ìfẹ́ ti da orí ọmọ náà rú.

Lóòótọ́, ìfẹ́ ni. Rufus àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọmọ Oǹdó ni, ìyá Rufus, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Májẹ́kódùnmí, kì í jẹ ata. Àìsàn kan ti dá a dùbúlẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, láti ìgbà náà ni ata ti di èèwọ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀, òfin kan wà nínú ilé yẹn: ọmọbìnrin tí Rufus bá mú wálé, á se ọbẹ̀ fún Màmá. Bí Màmá bá jẹ ẹ́ tán, ó di ìyàwó. Bí Màmá bá jẹ ẹ́ kù, kó máa lọ ní àlàáfíà. Ọmọbìnrin méjì ti lọ ní àlàáfíà.

"Èyí ìkẹyìn yẹn, ìyá mi ò jẹ ìdajì," Rufus ló ń sọ ọ́ fún un. "Wọ́n kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Wọ́n dúpẹ́ kẹ̀? Ṣé ìyẹn burú?"

"Sherifat, bí o bá ti gbọ́ 'o ṣeun, ọmọ mi' lẹ́nu ìyá mi, bẹ̀rẹ̀ sí í wá báàgì ẹ."

Ìdí nìyẹn tí Sherifat ò fi ra ata l'Ọ́jà Ọba. Ta ló mọ irú ata tí wọ́n máa tà fún èèyàn? Lọ́dún tó ṣáájú, ó ti gbin tàtàṣé, ó sì ti jẹ ẹ́ ní tútù, ó dùn bí ṣúgà. Nínú èyí tó tóbi jù lọ ló ti mú kóró, ó sá a sórí ìwé ìròyìn, ó tọ́jú ẹ̀. Kóró yẹn náà ló gbìn. Òótọ́ ni pé ata ṣọ̀mbọ̀ ìyá rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ tàtàṣé náà nígbà yẹn, tí òdòdó méjèèjì ń fara kanra. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí ńkọ́? Sherifat ti lé ṣọ̀mbọ̀ lọ sẹ́yìn ilé ìgbẹ́. Kò sáyè àṣìṣe.

Ọdún yẹn, Àjíǹde bọ́ sínú ààwẹ̀ Rámádáànì. Màmá, Rufus àti Yéjídé ẹ̀gbọ́n Rufus, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ nílé-ìwé girama, gba sọ́ọ̀ṣì lọ. Ó ku Sherifat nìkan pẹ̀lú ìkòkò. Ó lọ ata, ó gbé epo kaná, ó da ata sí i.

Ó sín. Ó tún sín. Ológbò tó sùn sábẹ́ tábìlì dìde, ó wò ó lójú, ó jáde, kò sì padà.

"Edé yìí ti pọ̀ jù," Sherifat wí, ó fi ìbòrí nu imú.

Ṣé kò wá lè tọ́ ọ wò ni? Àlùfáà àdúgbò wọn ti sọ pé ẹni tó ń dáná lè fi ahọ́n kàn án, kó sì tutọ́ rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n Sherifat ní òun ò ní torí ọbẹ̀ kó àbùkù bá ààwẹ̀. Àti pé, kí ni òun tún fẹ́ tọ́ wò? Tàtàṣé tí òun fọwọ́ ara òun gbìn?

Wọ́n ti sọ́ọ̀ṣì dé. Wọ́n jókòó. Rufus, tí ebi ti ń pa látìgbà ìwàásù, ló kọ́kọ́ fi ìrẹsì sẹ́nu.

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ṣí ẹnu, ohùn ò jáde. Ó dìde, ó gbá àga ṣubú, ó sì sáré gba ìdí ẹ̀rọ omi lọ.

"Rufus, kí ló...?" Yéjídé ò parí ọ̀rọ̀. Òun náà ti gbé tirẹ̀ mì. "Yéè! Mo kú o! Màmá, ẹ má fẹnu kàn án!"

Ó ti pẹ́ jù. Màmá ti jẹ ṣíbí kan. Ó ti jẹ ìkejì. Omi ń da lójú rẹ̀ wàràwàrà.

Yéjídé na ọwọ́ sí àwo náà. Màmá fi ṣíbí gbá a lọ́wọ́.

"Rufus, mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀! Màmá ń kú lọ!"

"Ta ló ń kú?" Màmá pariwo. "Ẹ fi mí sílẹ̀! Sherifat, bu ọbẹ̀ sí i!"

Rufus dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Sherifat bu ọbẹ̀ náà bí ẹni tó wà lójú àlá.

"Látìgbà tí mo ti ṣàìsàn yẹn," Màmá ní, "ẹnu mi ò mọ nǹkan kan mọ́. Iyọ̀ o, ṣúgà o, kò mọ̀ ọ́n. Iyán, bébà. Ẹran, bébà. Òní ni nǹkan tún kan ahọ́n mi! Ó ń jó mi o! Ẹ bá mi yọ̀, ó ń jó mi!"

"Àmọ́ dókítà ní ẹ ò gbọdọ̀ jẹ ata," Rufus ní.

"Dókítà? Iyọ̀ ni dókítà ní kí n dín kù. Bi ẹ̀gbọ́n ẹ."

Yéjídé, tó yọ ahọ́n síta tó ń fi ọwọ́ fẹ́ ẹ, wolẹ̀. "Èmi ni mo fi ata kún òfin dókítà. Fún ìṣọ́ra."

"Màmá, àwọn ọmọbìnrin méjì yẹn wá ńkọ́?" Rufus bi í.

"Kí ló ṣe wọ́n? Ọmọ dáadáa ni wọ́n. Èmi ni mi ò mọ̀ bóyá ọbẹ̀ ni mò ń jẹ tàbí omi."

"Mo sunkún o, Màmá! Gbogbo oṣù yẹn!"

"Mo gbọ́. Mo rò pé ọ̀fìnkìn ni."

Sherifat yí ojú sí Rufus. Rufus yára wo àjà.

Ó yẹ kí Sherifat panu mọ́, kó gba ire rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbààwẹ̀ ò lè purọ́. Ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àṣìṣe ni. Tàtàṣé tí ò ní ta yín ni mo gbìn, kóró tèmi tọdún tó kọjá ni. Mi ò mọ bó ṣe di báyìí."

"Kí lo gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú?" Yéjídé bi í, omi ń bọ́ nímú rẹ̀.

"Ṣọ̀mbọ̀, Àǹtí."

"Ìyẹn ni! Oyin ti gbé ìyẹ̀fun òdòdó ṣọ̀mbọ̀ wá fún tàtàṣé. Kò hàn nínú èso tọdún yẹn, inú kóró ló sá pa mọ́ sí. Ara tàtàṣé, inú ṣọ̀mbọ̀! Omi o!"

Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó wo Sherifat títí. "Àṣìṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O ṣeun, ọmọ mi."

Ẹ̀mí Sherifat fò lọ. Ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá báàgì rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ẹ ti dúpẹ́, Màmá."

"Ṣé èèyàn ò lè dúpẹ́ nínú ilé yìí mọ́ ni? Gbogbo èèyàn ló ń ṣe dáadáa fún mi látìgbà yìí, bébà ni mò ń jẹ. Ìwọ nìkan lo ṣàṣìṣe." Ó ha àwo náà tán, ó fi ìka nu ìsàlẹ̀ rẹ̀. "Àmọ́ o ò ní lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó ta àwọn ọmọ mi á ta ìwọ náà."

Nígbà tí ládánì pe ìrun ìrọ̀lẹ́ lójúlé kejì, Màmá fúnra rẹ̀ ló gbé èso dàbínù àti omi síwájú Sherifat kó fi ṣínu. Lẹ́yìn náà ló gbé àwo ńlá kan kalẹ̀, tí ọbẹ̀ bo ìrẹsì mọ́lẹ̀. Rufus di ife omi mú bí ẹni tó ń dúró de iná.

Sherifat ṣe bísímílà, ó sì gbé e mì.

"Yéèèè! Ẹ̀yin ará Isikan, ẹ gbà mí o!"

"Ìyàwó mi," Màmá ní, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, "rọra. Ṣé kóró rẹ̀ ṣì kù?"