Ẹ Gbé E Kúrò Níbí

"A ti gbé e kúrò níbí, bí o ṣe ní ká ṣe," ni Bàṣírù wí. Kò wo ojú Chancelle.

Chancelle ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá Bàṣírù ní Pobè, pẹ̀lú eruku zẹ́mì, ọ̀kadà tó gbé e wá láti Sakété, lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Àwọn méjèèjì jọ wà nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣe ètò tí a fi ń tẹ Yorùbá lórí fóònù, ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé, tí ẹnikẹ́ni lè tú wò kó sì tún ṣe. Orí méèlì ni wọ́n ti ń ṣèpàdé: bí ẹnì kan bá kọ̀wé, gbogbo wọn ló ń rí i. Chancelle ló ń darí ọ̀rọ̀ tó bá ṣáko. Lánàá, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí àmì ohùn, Bàṣírù kọ ọ́ pé ìyá òun, Màrúfátù, dákẹ́ lóru. Ni ìkíni bá ń rọ́ wọlé. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù." "Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere." Iṣẹ́ sọnù sáàárín wọn. Martial láti Kútọnú béèrè bóyá ẹgbẹ́ ti di ilé ọ̀fọ̀. Chancelle yára kọ ohun tó máa ń kọ: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò níbí."

Bàṣírù kà á níbi tí òkú ìyá rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ó yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́.

"Ọ̀rọ̀ ni mo ní kí wọ́n gbé, ẹ̀gbọ́n," ni Chancelle wí. "Bó bá jẹ́ ìyá ni, 'ẹ gbé wọn' ni ǹ bá kọ."

"Ohun tó dùn mí gan-an nìyẹn. Mo ní wọn ò tíì wọlẹ̀, wọ́n ti di 'e' lẹ́nu yín."

"Bàbá Tàhírù, ẹ jẹ́ kó dìde," ni ìyàwó Bàṣírù sọ láti inú ilé. "Ilẹ̀ yẹn tutù."

Chancelle dìde. Ó ti fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò lè sọ ọ́ mọ́.

"Ìkíni ṣì ń dé. Mi ò lè lé wọn. Ibo ni kí n ní kí wọ́n yà sí?"

Bàṣírù ní, "Ṣí ojúlé mìíràn fún wọn lórí méèlì. Pè é ní Ilé Màrúfátù."

Chancelle kọ ọ́ sórí fóònù rẹ̀: "Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sí Ilé Màrúfátù, kí ẹ bá wa kí ọmọ wọn."

Bàṣírù gba fóònù náà, ó kà á, ó dá a padà.

"Fi orúkọ mi síbẹ̀," ni ó wí. "Àlejò ò gbọdọ̀ bá ilé lófìfo. Ti iṣẹ́ yẹn, ẹ ṣì máa dúró dè mí."